Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ IT: rólà ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ tí sípánà kan ṣoṣo lè tú

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́

Ọlidé gígùn tó tẹ̀lé ìdánwò ọdún kẹta ni wọ́n máa ń rán àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. SIWES (Students Industrial Work Experience Scheme) ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, IT ni gbogbo ayé ń pè é. Àjọ ITF (Industrial Training Fund), tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971, ló bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní 1973, kí ọmọ yunifásítì tó ń kọ́ nípa irin lè fọwọ́ kan irin kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi wá ọ́fíìsì lọ sí Èkó. Èmi wá ibi tí wọ́n ti ń bá ẹ̀rọ bọ̀ láti orí ìwé títí tó fi máa dúró lórí ilẹ̀, mo sì rí i n'Íbàdàn: ilé iṣẹ́ kékeré kan lójú ọ̀nà Mọ́níyà tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tó ń lọ ata, àti èyí tó ń fún epo.

Kò sí pé kí ọmọ IT máa gbálẹ̀ tàbí kó máa lọ ra oúnjẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo dé, Ọ̀gá gbé rólà kan sílẹ̀ níwájú mi lórí tábìlì. Rólà ni páìpù ńlá tó máa ń yí nínú ẹ̀rọ, tí wọ́n fi páànù eléyín wé lára. Eyín ara páànù yẹn ló ń rin ẹ̀gẹ́. Èyí tó wà níwájú mi ti dán, eyín rẹ̀ ti jẹ tán, ìpẹtà sì ti wà ní gbogbo ojú ibi tí wọ́n jó o mọ́ páìpù.

Ọ̀gá ní: "Gbogbo ẹ̀rọ tí a ti tà, páànù ló ń dá a padà wá. Ẹ́ńjìnnì ò bàjẹ́, férémù ò bàjẹ́. Yàwòrán rólà tí àwọn fúnra wọn lè pààrọ̀ páànù rẹ̀ síbi tí wọ́n wà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá wẹ́dà kankan."

Iṣẹ́ tí mo máa fi gbogbo oṣù mẹ́ta náà ṣe nìyẹn. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, yàtọ̀ sí lógúbúùkù tí ITF fún wa, nítorí pé àyè inú lógúbúùkù kò gba ìdí tí mo fi yan nǹkan kan tí mo sì fi òmíràn sílẹ̀.

Níbi ìyangàrí

Wọn ò jẹ́ kí n tan kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá ní kí n kọ́kọ́ lọ jókòó síbi tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́, kí n mú tépù àti ìwé dání. Mo lọ síbi ìyangàrí kan nítòsí Akínyẹlé ní kùtùkùtù, nígbà tí ẹ̀gẹ́ ń ti oko dé.

Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé, ó lé ní mílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù lọ́dún, ibi tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń gbà di oúnjẹ kò ju irú ibi tí mo jókòó sí yìí lọ: òrùlé páànù, ògiri kò sí, àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ẹ̀rọ kan láàárín, àpò tí jáàkì ń tẹ̀, àgbada lẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ tó wà láàárín yẹn bá dá iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo wọn dá iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti wú u tán, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa ṣú.

Màmá tó ni ibẹ̀ jẹ́ kí n béèrè gbogbo ohun tí mo fẹ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kí lẹ máa ń ṣe bí páànù bá ti kú?"

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, a ó tú gbogbo rẹ̀, a ó gbé rólà sórí ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Ìgbà tí wẹ́dà bá ráyè la tó ráyè. Ẹ̀gẹ́ táwọn èèyàn ti bó sílẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ò mọ̀ pé wẹ́dà lọ síbi ìsọmọlórúkọ."

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n máa ń lo páànù kọjá ìgbà tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, nítorí wàhálà tó wà nídìí pípààrọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti owó nìkan. Ẹ̀gẹ́ ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní linamarin, èyí tó wà ní ìpamọ́ nínú ara rẹ̀, lọ́tọ̀ sí linamarase tó máa ń tú u. Ìgbà tí eyín bá ya ara ẹ̀gẹ́ ni àwọn méjèèjì ń pàdé, tí sáyánáìdì, tó jẹ́ májèlé, á sì jáde: díẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ, díẹ̀ á bá omi tí jáàkì fún jáde lọ, iná àgbada á lé púpọ̀ nínú ìyókù. Eyín tó mú ló ń ṣe èyí dáadáa. Eyín tó ti kú máa ń já ẹ̀gẹ́ sí ègé ni, inú ègé náà kò sì ya. Asẹ́ máa ń mú àwọn ègé ńlá, ewúrẹ́ á jẹ wọ́n, Màmá á sì pàdánù wọn. Àwọn kékeré máa ń bá gàrí lọ. Nítorí náà, rólà tó rọrùn láti pààrọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera ẹni tó máa jẹ gàrí ọ̀hún.

Mo wọn oríṣiríṣi nǹkan lọ́jọ́ náà. Bàsíà tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ẹ̀rọ ga tó 300 mm. Etí ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí ga débi pé obìnrin tí kò ga ní láti gbé agbọ̀n kọjá èjìká rẹ̀. Àlàfo láàárín béárìn, ohun tí ọ̀pá àárín rólà ń yí nínú rẹ̀, àti ara ẹ̀rọ kò tó ìbú ìka méjì, omi ẹ̀gẹ́ sì ń ta sí béárìn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Èyí tó wúlò fún mi jù kò ní ìwọ̀n tí mo fi tépù mú: nínú àpótí ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ, sípánà 13 wà níbẹ̀, ó sì dàbí ẹni pé òun nìkan ni wọ́n ń lò. Sípánà 13 ló ń dé orí bóòtù M8, èyí tí ara rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 8. Mo kọ ọ́ sókè ojú ewé, mo sì fa ìlà yí i ká: gbogbo ohun tí wọ́n máa tú lára rólà yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ M8.

Àwọn ọ̀nà tí mo gbé yẹ̀ wò

Èyí tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi ni pé kí n fi bóòtù de páànù mọ́ ara rólà láti òde, kí orí bóòtù rì wọ inú. Ó rọrùn láti ṣe, ṣùgbọ́n mo fà á nù kíá. Bóòtù tó bá tú níbẹ̀ inú ẹ̀gẹ́ ló máa bọ́ sí, inú gàrí ló máa parí sí, lẹ́nu èèyàn. Ohun tí èèyàn máa jẹ kò gbọ́dọ̀ gba ibi tí bóòtù wà kọjá. Òfin kejì tí mo kọ sókè ojú ewé nìyẹn.

Èkejì, Bràsíl ni mo ti rí i. Ẹ̀gẹ́ ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, àwọn Potogí ló gbé e kọjá òkun dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn Àgùdà tó padà láti Bràsíl ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì wà lára àwọn tó tan gàrí ṣíṣe ká etíkun wa. Lọ́hùn-ún, nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe farinha, irú gàrí tiwọn, rólà kan wà tí wọ́n ń pè ní caititu: igi rìbìtì ni, tí wọ́n la poro sí lára láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n sì ki irin eléyín bí ayùn bọ inú poro kọ̀ọ̀kan. Bí eyín kan bá kú, wọ́n á fa irin yẹn nìkan yọ. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i, mo sì ya irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi han tánà wa, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lédì yí irin tó sì ń fá a, ó béèrè pé ta ló máa la gbogbo poro yẹn lọ́gbọọgba, ta ló sì máa gé eyín irin tuntun fún Màmá ní Akínyẹlé. Páànù eléyín wà káàkiri, ìṣó àti òòlù ni wọ́n fi ń lu eyín sí i. Irin eléyín bí ayùn tó ṣe wẹ́kú poro mi, ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n á ti máa rí i, ọ̀nà Mọ́níyà náà ni wọ́n á sì tún padà wá. Mo fi caititu sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo mú ọgbọ́n poro dání.

Ohun tí mo yàn nìyí. Páànù eléyín máa wà ní abala méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ìdajì rólà. Etí abala kọ̀ọ̀kan máa ká sínú bí ìwọ̀. Àwọn etí tó ká yìí máa wọ poro méjì tó dojú kọ ara wọn lára rólà, ọ̀pá irin rìbìtì 12 mm kan á sì wà nínú poro kọ̀ọ̀kan tí àwọn ìwọ̀ náà á há mọ́. Bóòtù M8 ló máa fa ọ̀pá yìí sápá ṣáàfù (ọ̀pá tó la àárín rólà kọjá), ọ̀kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀pá bá ṣe ń wọlé ni páànù á máa fún mọ́ ara rólà. Àwọn bóòtù náà wà ní ẹ̀gbẹ́ ìta àwo irin tó dí ẹnu rólà, níbi tí ẹ̀gẹ́ kò ní gbà kọjá. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni bóòtù tó bá tú máa já sí, bàsíà wà lọ́tọ̀. Fèrèsé kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀rọ ni sípánà máa gbà wọlé.

Ìdí tó fi jẹ́ abala méjì: bí ó bá jẹ́ páànù kan ṣoṣo, ọ̀pá àti bóòtù á wà lápá kan, apá yẹn á sì wúwo ju èkejì lọ. Ohun tó bá ń yí kíákíá tí apá rẹ̀ kan wúwo máa ń gbọ̀n, béárìn ló sì máa ń san gbèsè rẹ̀. Poro méjì tó dojú kọ ara wọn ń mú ìwọ̀n wọn dọ́gba.

Ìṣirò

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń lò ni èyí tó ń lo pẹtiróòlù, 6.5 hp, tó ń yí ní 3600 lákòókò ìṣẹ́jú kan. Púlì ẹ́ńjìnnì jẹ́ 100 mm, mo sì fi 250 mm sí rólà, kí rólà lè máa yí ní 1440. Rólà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 200 mm, tó ń yí báyìí, etí rẹ̀ ń sáré mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyára tí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń tà tẹ́lẹ̀ ń lò nìyẹn, àwọn oníbàárà sì ti mọ irú ẹ̀gẹ́ tó ń rin. Mi ò rí ìdí láti yí i padà.

Ní ìyára yìí, ohun tó wà lára rólà fẹ́ fò jáde. Ọ̀pá 12 mm tó gùn tó 345 mm kò wúwo ju nǹkan bíi 0.3 kg lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń yí ní 1440, agbára tó ń tì í síta fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 N. Ó dàbí kí èèyàn so ẹrù tó wúwo tó 60 kg kọ́ ọ̀pá kékeré yẹn. Mo bẹ̀rù díẹ̀ nígbà tí mo rí iye náà. Lẹ́yìn náà mo wo agbára bóòtù M8 tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, ọ̀kan ṣoṣo lè gbé ju 20,000 N lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Agbára bóòtù kò níyọnu. Gbígbọ̀n ló lè tú u, nítorí náà nọ́ọ̀tì méjì ni mo fi sí bóòtù kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan ti èkejì pa.

Ṣáàfù ni mo pẹ́ sí jù. Agbára ìyí tó ń dé orí rẹ̀ jẹ́ 32 Nm. Ìwúwo rólà àti fífà tí fáńbẹ́lìtì ń fà á ń tẹ̀ ẹ́, ibi tí ìtẹ̀ náà ti pọ̀ jù sì jẹ́ 48 Nm. Mo lo ọ̀nà ìṣirò ASME, àjọ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì; ẹrù tó fi àyè gbà fún irin tó ní ojú kíì, poro tó ń di púlì mú, jẹ́ 40 MPa. Bí ẹrù bá ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, 1.5 àti 1.0 la fi ń sọ ìtẹ̀ àti ìyí di púpọ̀, ìdáhùn tó jáde sì jẹ́ 21.6 mm. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ní Akínyẹlé, mo ti rí i bí wọ́n ṣe ń da odidi agbọ̀n wọlé lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ́ńjìnnì á kérora tí gbogbo férémù á sì mì. Òkúta pàápàá máa ń bá a wọlé nígbà míì. Mo tún un ṣe pẹ̀lú 2.0 àti 1.5, ó di 23.9 mm. Ṣáàfù 25 mm ì bá ṣì gbà á, ṣùgbọ́n ohun tó kù fún un kò ju nǹkan bíi 1 mm lọ. Mo gbé ìṣirò méjèèjì lọ bá Ọ̀gá, a sì fẹnu kò sí 30 mm. Béárìn rẹ̀ ni UCP206. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ irú béárìn tó ń wọ ṣáàfù, kó fi 5 sọ nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn di púpọ̀: 06 ló di 30 mm, 05 ló di 25. Béárìn yìí kò sì ṣòroó rí ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta pààtì ọkọ̀ ní Gate.

Fáńbẹ́lìtì yá. Àlàfo 500 mm láàárín púlì méjèèjì mú gígùn 1561 mm jáde, fáńbẹ́lìtì tí wọ́n kọ B60 sí ló bá a mu jù, mo sì jẹ́ kí ihò ìjókòó ẹ́ńjìnnì gùn kí wọ́n lè máa fà á le.

Àwòrán tí wẹ́dà máa kà

SolidWorks, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ni a fi ń yàwòrán níbẹ̀. Mo ti lò ó nílé ìwé, ṣùgbọ́n ilé ìwé kì í béèrè iye abala tó máa jáde nínú ṣíìtì kan. Ohun tó gbádùn mọ́ mi jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí títí di báyìí nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Ṣíìtì stainless tí wọ́n ń kó wá láti Òwòdé Onírin l'Ékòó jẹ́ 1220 lórí 2440 mm. Abala páànù mi kọ̀ọ̀kan jẹ́ 354 mm ní ọ̀nà tó ń wé rólà, ìyẹn ìdajì àyíká rólà, 314, pẹ̀lú 20 fún ìwọ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀nà kejì, mo ti kọ́kọ́ fi í sí 350. Mo to abala wọ̀nyí sórí ṣíìtì: 3 wọ ìbú rẹ̀, 6 wọ gígùn rẹ̀, 18 lápapọ̀, ṣíṣẹ́kù gbọọrọ kan sì wà tí kò wúlò fún nǹkan kan. Mo dín 350 kù sí 345. Abala 7 gba 2415 mm báyìí, 25 mm tó kù sì tó fún ojú ibi tí òkúta ìgérin máa jẹ. Ó di 21. Mìlímítà márùn-ún péré, odidi rólà kan àti ààbọ̀ ló bọ́ sí i nínú ṣíìtì kan náà. Stainless wọ́n gan-an. Mo yan stainless nítorí pé omi ẹ̀gẹ́ máa ń kan, ó ń jẹ irin lásán, ó sì ń bó zinc tó wà lára páànù tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ ń bá oúnjẹ lọ. Bí mo bá fẹ́ kí wọ́n gba stainless lọ́wọ́ wa, mo ní láti wá bí iye rẹ̀ ṣe máa wálẹ̀.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ nípa férémù. Ọ̀pá ángù tó wà nílẹ̀ jẹ́ mítà 5.8. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní 900, pẹ̀lú igi òkè mẹ́rin, méjì 700 méjì 450, ń béèrè 5900. Mo sọ ẹsẹ̀ di 850, gbogbo rẹ̀ sì jáde nínú ọ̀pá kan, 5700 àti ojú gígé. Ẹnu tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí bá a wálẹ̀ ní 50 mm, agbọ̀n obìnrin tí kò ga sì súnmọ́ èjìká rẹ̀ díẹ̀ sí i. Bàsíà 300 mm ṣì ń wọlé sábẹ́ rẹ̀ fàlàlà.

Bọ̀dá wẹ́dà wa ń ka àwòrán dáadáa, ṣùgbọ́n gééjì ló ń fi ń ra ṣíìtì, kì í ṣe mìlímítà. Mo kọ méjèèjì sí i: 1.5 mm, gééjì 16. Mo tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ irú ojú tó fẹ́ kí n ya. Ó ní kí n ya ọ̀kan tó dà bí ìgbà tí èèyàn dúró síwájú ẹ̀rọ náà, kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ya àwọn tó kù. Mo fi àwòrán tó fi gbogbo ìhà hàn sí ojú ewé àkọ́kọ́, ìwọ̀n kankan ò sí níbẹ̀. Látìgbà náà, kò tún pè mí láti béèrè èwo ni òkè èwo ni ìsàlẹ̀.

Nípa ìwọ̀n tó gbọ́dọ̀ péye: mo fi í mọ síbi tó ṣe pàtàkì. Ibi tí béárìn ń jókòó lórí ṣáàfù, h6. Ibi tí àwo irin ti wọ ṣáàfù, H7. Àmì tó ń sọ fún tánà bí ìwọ̀n ṣe gbọ́dọ̀ péye tó ni méjèèjì. Gbogbo ìyókù, mìlímítà kan síhìn-ín mìlímítà kan sọ́hùn-ún kò ṣe nǹkan kan. Ìwọ̀n péye ń gba àkókò tánà, owó sì ni àkókò tánà. Ẹni tó bá kọ ìwọ̀n péye sí gbogbo ara àwòrán ń fi owó onígàrí ṣeré.

Gígé, yíyí, jíjó

Tánà ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ó fi lédì yí ṣáàfù, ó fá ojú àwo irin méjèèjì, ó sì jẹ́ kí n fi kálípà wò ó ní gbogbo ìgbà tó bá dúró. Nígbà tí wọ́n jó àwo mọ́ rólà, ó ní kí wẹ́dà má jó o yípo lẹ́ẹ̀kan náà: kó jó díẹ̀ lókè, díẹ̀ nísàlẹ̀, díẹ̀ lápá ọ̀tún, díẹ̀ lápá òsì, kí iná má bàa fa rólà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn jíjó, ó tún gbé gbogbo rẹ̀ padà sórí lédì, ó fá a fúyẹ́fúyẹ́. Kò sí èyí nínú àwòrán mi. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú àfikún 1 mm lára rólà tí tánà máa fá kúrò.

Mílìn-maṣíìnì la fi la poro. Etí rẹ̀ mú bí abẹ, fáìlì ọwọ́ ni mo fi pa á títí tó fi kúnná, nítorí ibẹ̀ ni páànù ti ń ká wọlé, etí tó bá mú máa gé e níbẹ̀.

Lílu eyín gba sùúrù. Ìṣó ni, láti ẹ̀yìn páànù, kí ẹnu ihò tó ya jáde sójú di eyín. Mo fi 10 mm sáàárín eyín àti eyín, mo sì jẹ́ kí ìlà kejì bọ́ sí àárín ìlà àkọ́kọ́, kí eyín tó ń bọ̀ lẹ́yìn má gba ojú ọ̀nà eyín tó ti kọjá. Pẹlẹbẹ la ti lu gbogbo rẹ̀, kí a tó fi rólà ìkápáànù ká a. Stainless le ju páànù lásán lọ, ìṣó sì ń kú kíákíá. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì máa padà wá.

Ìdánwò àkọ́kọ́

A kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí rólà láìsí fáńbẹ́lìtì, a fi í sílẹ̀ kó dúró fúnra rẹ̀. Ó dúró síbi tó yàtọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé kò sí apá tó wúwo tó ń fà á wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì tan. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé ìjókòó béárìn, ó mi orí, ó ní kí n gbé tèmi náà lé e. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì nìkan ló wà níbẹ̀.

A da ẹ̀gẹ́ tí Màmá fi ránṣẹ́ sí i. Ó rin ín kúnná, kò sí ègé ńlá nínú rẹ̀. A ti ẹ́ńjìnnì pa, a yọ wáyà pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ kó má bàa ṣèèṣì tan, mo sì ní kí ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní Akínyẹlé, tó bá ẹ̀gẹ́ wá, tú páànù. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé ju pé "fèrèsé nìyẹn, sípánà 13 nìyí". Ó tú abala méjèèjì, ó sì dá tuntun padà kí Ọ̀gá tó parí ìpè tó ń dáhùn lórí fóònù. Bí ó ṣe fún nọ́ọ̀tì kejì tán, ó bi mí pé, "Ẹnjiníà, ṣé ó tán nìyẹn?" Mo ní ó tán.

Nǹkan méjì hàn tí àwòrán tuntun gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ẹ̀gẹ́ rírin ń gba àlàfo 3 mm tó wà láàárín rólà àti ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀rọ, ó ń kó jọ síbi tí àwọn bóòtù wà. Kò ba iṣẹ́ jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tó bá sùn síbẹ̀ á kan, á rùn, ó sì lè bọ́ sínú ti ọjọ́ kejì. Mo ń fi ihò sí ìsàlẹ̀ fèrèsé kí omi lè fọ̀ ọ́ jáde, mo sì ń jẹ́ kí ìlẹ̀kùn fèrèsé ṣí pátápátá kí wọ́n lè da omi sí i nírọ̀lẹ́. Èkejì, omi ṣì ń rìn lára ṣáàfù lọ bá béárìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sún béárìn síta. Òrùka rọ́bà tó há mọ́ ṣáàfù láàárín ara ẹ̀rọ àti béárìn ló máa ju omi náà nù bí ṣáàfù bá ṣe ń yí.

Ohun tó kàn

Àwòrán tuntun, tí mo pè ní ìpele B, ti wà lórí kọ̀ǹpútà, ihò àti òrùka rọ́bà wà níbẹ̀. Ìbòrí fáńbẹ́lìtì ṣì kù, mi ò sì ní gbà kí ẹ̀rọ yìí kúrò nílẹ̀ láìsí i, kí fáńbẹ́lìtì má bàa wé ìró àti gèlè àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀. Ọ̀fun ẹnu ẹ̀rọ náà máa gùn sí i, débi tí ọwọ́ tó nà tán kò ní lè kan rólà, igi ìtì kan á sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n kó má sọnù.

Ti eyín lílu, mo ti bá tánà sọ ọ́. A fẹ́ fi irin líle ṣe ẹnu ìlu tó ní ṣóńṣó mẹ́wàá lórí ìlà kan, tí jáàkì á máa tẹ̀ mọ́ ṣíìtì, kí ọwọ́ má bàa fi ìṣó lu eyín lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Mo ti ya á, irin rẹ̀ ti wà nílẹ̀, Ọjọ́ Ajé ló máa gorí lédì. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni olùkọ́ wa láti yunifásítì ń bọ̀ wá wo ibi tí mo bá iṣẹ́ dé, mo sì fẹ́ kí ẹnu ìlu náà ti lu páànù kan kí wọ́n tó dé.